Jẹjẹrẹ Wo Ló Ń Sáré, Èwo Ló Ń Rìn Jẹ́jẹ́?

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé jẹjẹrẹ prostate ló ń ṣe wọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi dókítà: "Ṣé èyí tó máa pa mí ni, àbí èyí tí a ó jọ máa gbé?" Dókítà ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mi ò bá a wí. Jẹjẹrẹ yìí, òmíràn á wà lára ọkùnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún láì yọ ọ́ lẹ́nu, òmíràn á ti dé egungun kí wọ́n tó mọ̀. Tí wọ́n bá lọ gé èyí tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn, ọkùnrin lè má lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, ohun tó fi ń ṣe ọkọ sì lè dákẹ́. Àyẹ̀wò PSA tí gbogbo wa mọ̀ ò lè dá yanjú èyí. Kí prostate kàn wú lásán, PSA lè gòkè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ RNA gígùn ti wọlé. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé sẹ́ẹ̀lì ń da DNA kọ sí RNA, RNA sì ń di púrótéènì. Òótọ́ ni, àmọ́ apá DNA tó ń di púrótéènì ò tó ìdá 2 nínú 100. Nínú èyí tó kù, sẹ́ẹ̀lì ń kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún RNA tó gùn ju lẹ́tà 200 lọ, tí wọn kì í sì í di púrótéènì kankan. Lncrna ni wọ́n ń pè wọ́n.

Wọ́n kéde ọ̀kan, PCA3, lọ́dún 1999. Lọ́dún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wò ó nínú ìtọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n bóyá jẹjẹrẹ wà ló ń tọ́ka sí. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́ nìyẹn. Èyí tó sún mọ́ ìbéèrè wọn ni SChLAP1, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Michigan kéde lọ́dún 2013. Níbi tó bá ti pọ̀ nínú kókó, jẹjẹrẹ náà sábà máa ń tàn dé ibòmíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Àwọn kan ń jiyàn lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn. Lékèélékèé kì í jẹ koríko, síbẹ̀ ẹni tó bá rí ọ̀wọ́ wọn mọ̀ pé màlúù ò jìnnà.

Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí wọ́n ti ka lékèélékèé yìí. Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ti wá, níbi tí jẹjẹrẹ yìí ti ń pa ọkùnrin dúdú tó ìlọ́po méjì aláwọ̀ funfun. Tiwa ńkọ́? Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn fún HapMap, orúkọ wa sì wà nínú ìwé káàkiri ayé. Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ò lè sọ RNA tó wà nínú kókó jẹjẹrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó wá ta àyẹ̀wò yìí fún wa, kó kọ́kọ́ fi hàn wá pé ó bá ọkùnrin tiwa mu. Kò sì dìgbà tá a bá ra ẹ̀rọ olówó gọbọi ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹran tí wọ́n gé lára aláìsàn wà nínú ìda lórí pẹpẹ ọsibítù, RNA rẹ̀ sì ṣì ṣeé yẹ̀ wò. Èyí tá ò ní ni àkọsílẹ̀: ta ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ni àrùn padà sí lára? Láìsí ìyẹn, iye RNA kàn jẹ́ nọ́ńbà lásán. Akọ̀wé kan, fóònù kan, àti ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní jù nù tí ọ̀gá bá yí padà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì ń lọ fún PSA lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó tíì pè wọ́n rí láti béèrè bí ara ṣe rí.