Akọ̀wé Ọ̀gá Kì í Ṣe Ọ̀gá



Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ wà ní ibòji. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí ó lọ wo akọ̀wé ọ̀gá àgbà ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ń múra àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní rìtíríìtì.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé Àbújá ni ilé-iṣẹ́ wà, tí àwọn ọ̀gá sì fẹ́ ṣe àpérò wọn lórí òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Ta ni yóò gba yàrá sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì? Akọ̀wé ni. Ta ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú dé Kàlàbá, tí yóò tún wá mọ́tò tí yóò kó wọn rin ọ̀nà jíjìn láti ibẹ̀ dé orí òkè? Akọ̀wé náà ni. Òun ni ó mọ ọ̀gá tí kì í jẹ iyọ̀ àti èyí tí orúnkún kò jẹ́ kí ó gun àtẹ̀gùn. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá pẹ́, fóònù tirẹ̀ ni yóò dún lóru. Bí àpérò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ ní Sátidé àti ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ Ajé, yóò ti wà nídìí iṣẹ́ ní kùtùkùtù láti ṣírò owó tí a ná.

Bí ó bá wá béèrè owó ófátáìmù, wọn yóò ní: “Ara àwọn aláṣẹ ni ìwọ náà. Ṣebí o sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, o sì jẹun ọ̀fẹ́?” Ẹ̀tàn gbáà ni. Ẹni tí ó ru àga ọba dé ojú agbo kò tíì di ọba.

Òótọ́ ni pé abala 3 nínú Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ kò gba aláṣẹ láyè láti wọ ẹgbẹ́ bí èyí yóò bá sọ ọ́ di ẹni tí ń sin ọ̀gá méjì. Ṣùgbọ́n agbára àti ojúṣe tí ó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni a fi ń mọ aláṣẹ, kì í ṣe ibi tí a gbé tábìlì rẹ̀ sí. Akọ̀wé wo ni ó lè gba ènìyàn síṣẹ́? Èwo ni ó lè lé ènìyàn? Èwo ni ó ní ohùn nínú àpérò tí òun fúnra rẹ̀ ṣètò?

Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 ka ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé mọ́ òṣìṣẹ́. Abala 13 rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko láàárín ọjọ́ méje méje. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá gé e kù gbọ́dọ̀ dá a padà kí ọjọ́ 14 tó pé, tàbí kí ó san owó ófátáìmù dípò rẹ̀. Òfin kò ní kí ó fi ìrẹsì òtẹ́ẹ̀lì san án.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Àwa pẹ̀lú jẹ̀bi. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, amí ọ̀gá ni a ń pe akọ̀wé. Ìgbà tí rìtíríìtì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni a ń rántí kí i, nítorí a fẹ́ mọ orúkọ àwọn tí wọn yóò dá dúró. Bí kò bá sọ, a ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Èyí kò tọ́! Akọ̀wé tí ó bá tú àṣírí lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀; ẹgbẹ́ tí kò kà á mọ́ ọmọ yóò ha gbà á sílẹ̀ bí? Abala 20 òfin kan náà pàṣẹ pé agbanisíṣẹ́ tí ó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́. Ẹnu agbanisíṣẹ́ ni kí á ti gbọ́ ọ, kí á má ṣe fi ọrùn akọ̀wé wá a.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ pe àwọn akọ̀wé wá sílé. Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́, kí á béèrè pé kí ìwé àdéhùn sọ iye tí wọn yóò san fún iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi àti ti òru, kí ó sì dárúkọ rìtíríìtì pàtó.

Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà!