Ta Ló Ní Kéú Kò Lè Bọ́ Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ kan gbilẹ̀ l'Abẹ́òkúta, láti Ìtòkú títí dé Láfẹ́nwá: ọmọ tó bá ti ilé-kéú jáde, bí kò di ààfáà ìsọmọlórúkọ, a di onítírà. Àwa Mùsùlùmí gan-an là ń sọ ọ́ jù. Bàbá á pa màlúù ṣe wòlímọ̀ fún ọmọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, á ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ọmọ lọ wá iṣẹ́ gidi kọ́. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀rù ló bí irọ́ náà. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá; ọ̀dọ̀ wọn ni tísà àti akọ̀wé ti ń jáde. Bàbá Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí wọ́n ri ọmọ òun bọmi fi ọmọ sílé, kéú nìkan ló ní kó kọ́. Nígbà tí ọmọ náà kò ríṣẹ́ ọ́fíìsì, kéú ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Ní 1952, Abẹ́òkúta níhìn-ín ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilory ti dá ilé-kéú tí wọ́n ń pè ní Máríkàsì sílẹ̀, kó tó gbé e lọ sí Agége ní 1955. Kíláàsì, pátákó, ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí, gbogbo rẹ̀ ló fi sí i. Lára àwọn tó tibẹ̀ jáde la ti rí olùkọ́ yunifásítì. Kéú ni wọ́n kọ́ débẹ̀.

Ẹ tún wo báńkì. Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJ ní 2019, Lotus ní 2021. Báńkì Àpapọ̀ ní irú báńkì tí kì í gba èlé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí yóò máa yẹ àdéhùn òwò rẹ̀ wò. Ìjọba àpapọ̀ náà ta sukuk, ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé nínú, ₦100 bílíọ̀nù ní 2017, wọ́n fi ṣe títì. Ta ni yóò fi òfin òwò Ìsìláàmù wo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó kọ́ ọ?

Ẹ ó ní àwọn ọmọ kéú tó ríṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó gba dìgírì, tó ń gun ọ̀kadà, ta ló ti ní kí wọ́n ti yunifásítì pa nítorí rẹ̀?

Ohun tó ń dínà yunifásítì mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kéú ni àìní kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò pàápàá. Ọmọ lè há Alùkùránì sórí tán, kó mọ gírámà Lárúbáwá ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kí wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà: àjọ NBAIS ní Kàdúná ń ṣe ìdánwò àṣejáde fún ilé-ìwé Lárúbáwá, JAMB sì ń gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Mùdíìrì tó mọ̀, tí kò forúkọ ilé-kéú rẹ̀ sílẹ̀, tó ń wàásù pé Gẹ̀ẹ́sì á ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́, òun ni kí ẹ bá jà. (Àwọn mìíràn nínú wọn, kọ́lẹ́ẹ̀jì olówó gọbọi lọmọ tiwọn wà.)

Ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi mùdíìrì léèrè: ta ló ń kọ́ wọn ní Ìṣirò níbí? Ọdún wo ni wọ́n ṣe ìdánwò NBAIS kẹ́yìn, àwọn mélòó ló sì yege?