Ọfà Lára Iná Tíráfíìkì: Kí Ló Dé Tí Ọ̀pọ̀ Awakọ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Fi Ń Ṣì Í Lò?

Ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú wọ àárín Èkó yóò ti rí i rí. Iná pupa ṣì ń tàn, ọfà kékeré aláwọ̀ ewé bá tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí apá kan. Ọkọ̀ tó wà níwájú dúró gbagidi, ó ní iná pupa lòun ń wò. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fun họ́ọ̀nù bí ẹni pé ilé ń jó. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, awakọ̀ náà sáré gbéra, ṣùgbọ́n kò yà síbi tí ọfà kọjú sí, ọ̀ọ́kán ló gbà, ó sì bọ́ sáàárín àwọn ọkọ̀ tí iná tiwọn ti ní kí wọ́n máa bọ̀. Mo wà nínú dánfó kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá kan gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi bọ́ọ́lẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ pé awakọ̀ Èkó kò ní sùúrù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọfà yìí, lójú tèmi, àìmọ̀ ló pọ̀ ju àìgbọràn lọ.

Ohun tí ọfà ń sọ kò le. Bí iná pupa bá ń tàn tí ọfà aláwọ̀ ewé sì tàn, àwọn tó fẹ́ yà síbi tí ọfà kọjú sí nìkan ló lè lọ. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀ọ́kán ṣì wà lábẹ́ iná pupa. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí èèyàn ti wà lórí ìlà tó tọ́ kó tó dé oríta. Ẹni tó fẹ́ lọ tààrà tó wá gba ìlà àwọn tó fẹ́ yà yóò dí ọ̀nà mọ́ wọn, họ́ọ̀nù yóò sì mú kó ṣe ohun tí kò gbèrò.

Ewu gan-an wà nínú ìyàsósì. Nígbà tí ọfà tó kọjú sósì bá ń tàn, iná ti dá àwọn tó ń bọ̀ lọ́kàn-án-kán dúró, ọ̀nà ṣófo. Ní àwọn oríta mìíràn, ọfà náà yóò kú, àmọ́ iná ewé roboto yóò ṣì máa tàn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé ohun kan náà ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe ohun kan náà rárá. Iná roboto ní o lè lọ. Kò sọ pé wọ́n ti dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí tìẹ. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́kàn-án-kán náà ti rí iná ewé tiwọn, àwọn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ kọjá. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú ló ń tẹ̀ lé, tí kò gbójú sókè wò ó bóyá ọfà ti kú, òun ló máa ń fẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ gba ìkọlù.

Ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ọ̀nà la fi ń wakọ̀ ní Nàìjíríà bíi ti àwọn òyìnbó Bìrìtìkó. Ọjọ́ náà la yí sí apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, ìyàsọ́tùn ló rọrùn fún wa, ìyàsósì ló ń gé ọ̀nà ẹlòmíì. Ní London, òdìkejì rẹ̀ ni. Àwọn ará wa tó ń gbé Amẹ́ríkà náà ní tiwọn: lọ́pọ̀ ibi níbẹ̀, èèyàn lè dúró díẹ̀ níwájú iná pupa, kó wò yíká, kó sì yà sọ́tùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú New York kì í gbà á láyè bí kò bá sí àkọlé tó gbà á. Bí wọ́n bá wálé fún ọdún Iléyá, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ àbúrò, àṣà ọ̀hún ni wọ́n ń bá bọ̀.

Ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ìṣòro mìíràn tún kún un. Ọ̀pọ̀ ráúndábáòtù ló wà lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà ìjọba Gómìnà Ambode ni wọ́n hú ti Jákàńdè, tí wọ́n fi iná tíráfíìkì rọ́pò rẹ̀, ìjọba Sanwo-Olu náà sì tún àwọn oríta kan ṣe lójú ọ̀nà náà. Ojú àti ọgbọ́n orí la fi ń gba ráúndábáòtù: wo òsì, jẹ́ kí ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ kọjá, kí o wọlé. Ẹni tó ti fi ogún ọdún wakọ̀ báyìí, tó wá bá iná oníọfà níbi tó mọ̀ bí ẹní mọ owó, àṣà ogún ọdún náà ló máa lò. Ó rí àlàfo, ó wọ̀ ọ́.

Ti Ìkòròdú tún yàtọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 tí ọ̀nà BRT ti dé láti Mile 12 sí Ìkòròdú, àárín títì ni àwọn bọ́ọ̀sì náà ń gbà. Ẹni tó fẹ́ yà sósì tàbí ṣẹ́rí padà gbọ́dọ̀ gé ọ̀nà bọ́ọ̀sì kó tó gé ti àwọn tó ń bọ̀ lọ́kàn-án-kán, bọ́ọ̀sì tó ń bá a lọ sọ́nà kan náà sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, lápá òsì rẹ̀. Iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò. Ẹ fi ọ̀kadà kún un: nígbà tí ìjọba fòfin dè é lọ́dún 2022, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ló kàn, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sí nínú wọn.

Níbo ni awakọ̀ ti ń kọ́ gbogbo èyí? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ èrò, ìdí ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń gba owó ọkọ̀, wọ́n ń fi irọ̀lẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ọ̀gá kò mọ ọfà, ta ni yóò kọ́ ọmọ iṣẹ́? Ìpínlẹ̀ Èkó ní LASDRI tó ń dá awakọ̀ èrò lẹ́kọ̀ọ́, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí yẹ kó dé inú gáréèjì ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán iná lára ògiri. LASTMA ti wà láti ọdún 2000, òfin ìrìnnà ọdún 2018 sì wà lọ́wọ́ wọn. Owó ìtanràn máa ń dun èèyàn, àmọ́ ẹni tó sanwó láìmọ ohun tó ṣẹ̀ yóò tún un ṣe. Kí a má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni gílóòbù ọfà ti kú, tí ewéko bò ó, tàbí tí iná oríta náà kò tàn rárá. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń méfò. Bí òṣìṣẹ́ bá sì dúró láàárín ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ ń wò, kì í ṣe iná.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé kéú tàbí tẹ̀ lé yín lọ sí Jímọ́ọ̀, a máa ń sọ fún wọn pé bí ọkọ̀ bá ti dúró, kí wọ́n sọdá. Ní oríta oníọfà, ìlà ọkọ̀ méjì lè dúró kí ẹ̀kẹta máa yà bọ̀. Ẹ dúró pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ọfà náà hàn wọ́n nígbà tó bá tàn, kí wọ́n rí ibi tí àwọn ọkọ̀ ń gbà yọ.