Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kọ́ loògùn àtọ̀gbẹ o, iye òkèlè ni kẹ́ ẹ máa kà

Tí dókítà bá ti sọ fún èèyàn pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kó tó délé báyìí, gbogbo àdúgbò á ti di dókítà sí i lọ́rùn. Ẹnì kan á ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ìrẹsì mọ́ láyé. Ẹnì kejì á ní omi ewúro ni kó máa mu láràárọ̀, pé ohun tó bá korò ló ń pa ohun tó bá dùn. Ẹnì kẹta, tí í ṣe ọ̀gá wọn pátápátá, á ní kó ṣáà ti máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, pé kò séwu ńbẹ̀, kó jẹ ẹ́ yó. Ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ yà sí búkà lọ́sàn-án ní Mushin tàbí Agége, ẹ máa rí i. Bàbá kan tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ á jókòó, á ní, “Màmá, ẹ bù àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ráàpù mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ewédú ẹ̀ pọ̀ díẹ̀.” Olóúnjẹ tó mọ̀ ọ́n á ní, “Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ní ṣúgà lọ́jọ́sí, ráàpù mẹ́rin?” “Háà, ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ ni? Kò kàn án!” Bàbá á jẹ ẹ́ tán, á fi màlítì tútù kan lé e, nítorí pé màlítì kì í ṣe ọtí. Tó bá wá di alẹ́, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bá gbé 280 jáde, bàbá á ní àwọn ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ òun.

Ayé kankan ò sí nídìí ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú dáa lóòótọ́, kì í tètè tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bí èyí tó ti pọ́n, pàápàá tí wọ́n bá sè é tàbí tí wọ́n sun ún lódindi. Ṣùgbọ́n nínú 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀, nǹkan bíi 30 gíráàmù ló jẹ́ èròjà tó máa di ṣúgà lára. Tí wọ́n bá tún wá lọ̀ ọ́ kúnná di èlùbọ́, ara á túbọ̀ tètè dà á. Orúkọ oúnjẹ ní tiẹ̀, àmọ́ iye tó wà nínú àwo lẹ̀jẹ̀ máa kà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ò ṣòroó yé èèyàn. Èyí tó pọ̀ nínú oúnjẹ òkèlè tá à ń jẹ ló ń di ṣúgà, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri. Ínsúlìn, tí ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ń pèsè, ló dà bíi kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó bọ́ sínú ẹran ara, kó di agbára. Oríṣi àtọ̀gbẹ kìíní, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé àti ọ̀dọ́, kì í jẹ́ kí ara pèsè ínsúlìn mọ́. Abẹ́rẹ́ ló ń gbé ẹ̀mí irú wọn ró, kò sí ewébẹ̀ tàbí eré sísá tó lè rọ́pò ẹ̀. Kó tó di pé wọ́n rí ínsúlìn ní Toronto lọ́dún 1921, tí wọ́n sì fún ọmọ ọdún 14 kan lọ́dún 1922, ikú ni gbèdéke wọn. Oríṣi kejì ló pọ̀ jù láàárín àwọn àgbàlagbà: kọ́kọ́rọ́ wà, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn dáadáa mọ́. Òun loúnjẹ àti ìrìn lè bá wọ ìjà gidi.

Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kéèyàn tó fi nǹkan kan ẹnu, tí kò tó 100, ara le nìyẹn. Láti 100 dé 125, ó ti ń kànlẹ̀kùn. Tó bá ti tó 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti dé. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń lo ìwọ̀n míì, níbi tí 7.0 ti jẹ́ 126, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí 9 nínú ìwé kó rò pé ó kéré.

Kọ́rọ̀ wá dórí àwo. Ìdajì àwo yẹ kó jẹ́ ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro tí wọ́n fọ̀, ilá, ewédú. Ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹja, ẹran tí kò lọ́ràá, ẹyin tàbí ẹ̀wà. Ìdá kan tó kù ni ti ẹ̀bà, àmàlà, iyán tàbí ìrẹsì, kó má ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni lọ. Àwọn kan á ní ìyà nìyẹn. Kì í ṣe ìyà rárá, àṣà jíjẹun ló ń yí padà: ọ̀pọ̀ ilé máa ń fi ẹ̀fọ́ ti òkèlè lọ́fun ni, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ á wá máa fi òkèlè díẹ̀ bá ẹ̀fọ́ rìn. Ẹ̀wà lọ̀rẹ́ tòótọ́ níbẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń dà nínú. Àmọ́ ẹni tó jẹ ẹ̀wà tán tó tún rẹ gààrí lé e, tó fi ṣúgà sí i, ó ti tú gbogbo ohun tó dì.

Ohun mímu ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, torí pé wọn kì í kà á mọ́ oúnjẹ. Ẹ yí ìgò mínírà tàbí màlítì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kà á. Èyí tó bá ní 10 gíráàmù ṣúgà nínú 100 mílílítà, ìgò 50cl ẹ̀ ti kó 50 gíráàmù, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 12. Gbogbo ṣúgà àfikún tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kẹ́ni tó ń jẹ 2,000 kálórì má kọjá lóòjọ́ nìyẹn, wọ́n sì ní 25 ló sàn jù. Oyin ńkọ́? Ṣúgà ni. Omi ọsàn tí wọ́n fún? Ẹ yáa jẹ ọsàn ọ̀hún fúnra ẹ̀, ẹyọ kan, pẹ̀lú ìhánrín ẹ̀.

Wàhálà tó wà fún òṣìṣẹ́ Èkó ni pé aago márùn-ún ìdájí ló ti wà nínú dánfó, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé, ẹ̀bà aago mẹ́wàá ló wá ń bá a sùn. Ẹni tó bá lè ṣe é kó máa gbé fúláàsì dání: mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, ìgbá, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan. Nígbà tí gósílò bá dé, tí àwọn ọmọ tó ń ta gálà àti mínírà bá yí mọ́tò ká, kò ní máa wò wọ́n bíi angẹ́lì.

Ìrìn wá kọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé tí iṣan ara bá ń ṣiṣẹ́, ó lè fa ṣúgà wọlé láìdúró de kọ́kọ́rọ́ ínsúlìn. Ìdí nìyẹn tí ìrìn ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn oúnjẹ fi ń mú un wálẹ̀. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìyẹn 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, kéèyàn máa yára rìn tó fi máa mí díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Kéèyàn sọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù kan ṣáájú tiẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀. Steve Redgrave, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wakọ̀ ojú omi díje, ọdún 1997 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ní Sydney lọ́dún 2000, ó tún gba góòlù Olympics, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ẹ̀, toun ti ínsúlìn tó ń gbà.

Ewu kan wà tí kì í ṣe ti ṣúgà tó pọ̀. Ẹni tó ń gba ínsúlìn tàbí tó ń lo glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tó wá gbààwẹ̀ tàbí tó rìn púpọ̀ láìjẹun, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ ju 70 lọ. Á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ojú á máa ṣú u, ó lè máa sọ ìsọkúsọ. Àsìkò yìí nìkan ni mínírà jẹ́ oògùn: ìdajì ife, tàbí ṣúgà oníkóró mẹ́ta sí mẹ́rin, kí wọ́n tún yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀ Ràmàdánì tàbí ti ìjọ, kó rí dókítà ṣáájú, torí oògùn ẹ̀ lè gba àyípadà.

Owó náà ò jẹ́ kọ́rọ̀ rọrùn. Lọ́dún 2023, GSK àti Sanofi kéde pé àwọn ò ní máa ta oògùn fúnra wọn mọ́ ní Nàìjíríà, pé alágbàtà làwọn máa gbé e fún. Ọdún yẹn náà ni náírà já wálẹ̀, tí owó ínsúlìn sì fò sókè. Àwọn kan ń pín metformin sí méjì kó lè pẹ́, ìyẹn ò dáa rárá. Sítíríìpù tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni kí wọ́n ṣọ́ ná. Dípò kéèyàn máa fi í ṣòfò láràárọ̀, kó mú oúnjẹ kan lọ́sẹ̀, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó jẹ ẹ́, kó tún yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Tó bá ju 180 lọ, oúnjẹ ọ̀hún pọ̀ jù fún un nìyẹn, bó jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó jẹ́ iyán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó mú oúnjẹ mìíràn.

Ti òde àríyá Sátidé ló kù. Kéèyàn jẹ ẹ̀wà díẹ̀ nílé kó tó lọ. Tí wọ́n bá gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dé, kó ní kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n fi ẹja àti ẹ̀fọ́ lé e. Omi ni kó mu. Kó sì jó dáadáa, ijó náà wà nínú eré ìdárayá, ìdajì wákàtí lójú agbo ò kéré. Bàtà tó bá wọ̀ lọ ni kó ṣọ́, kó má fún un lẹ́sẹ̀, torí àtọ̀gbẹ máa ń pa ẹsẹ̀ kú, tí ìṣó bá gún un, ó lè má mọ̀. Tó bá délé, kó tanná, kó wo àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì àti àárín ọmọ ìka. Tí ojú ẹ̀ ò bá ríbẹ̀ dáadáa, kó pe ọmọ kan wá bá a wò ó. Egbò kékeré tí kò bá jinná láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kó gbé e lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da iyọ̀ sí i.