Ìkìlọ̀ fún Ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Má Torí “Mo Ti Gba Ìwòsàn” Da Oògùn Nù

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ Aláàfin, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ fetí sílẹ̀ o. Bí dókítà bá ti fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti ikọ́ TB tàbí èyíkéyìí tó ní kí ẹ máa lò láìdáwọ́dúró, ẹ má ṣe pa á tì nítorí pé ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ rere sí ara yín. Ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ rere yẹn lọ, kí ẹ sì máa lo oògùn. Ìkìlọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń kánjú lọ sí ọjà Akẹ̀sán tàbí Ọjà Ìgbó lè máa lọ. Kí ẹni tó ráyè gbọ́ àlàyé.

Láàárọ̀ kùtù, fóònù á dún, ohùn kan á jáde lórí Wasáàpù: “Ẹ máa wí tẹ̀lé mi: ara mi dá ṣáṣá, àìsàn kì í ṣe ìpín mi, mo ti gba ìwòsàn.” Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Yorùbá wo ni kì í ṣe ìwúre? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá sọ fún aláìsàn pé ẹni tó jẹ́wọ́ ìwòsàn tó tún ń gbé oògùn mì kò ní ìgbàgbọ́, tàbí pé bó bá dárúkọ àrùn rẹ̀, ó ti gbà á mọ́ra.

Àìdárúkọ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nọ́ọ̀sì á bi ìyá àgbà kan pé, “Mama, ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?” Ìyá á ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mi ò ní in o!” Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Wọ́n á fún ìyá ní ibuprofen fún orúnkún tó ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ta ni kí a dá lẹ́bi? Bákan náà ni obìnrin tó bá rí kókó lọ́mú. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti máa bá kókó náà wí láràárọ̀ títí yóò fi di egbò, kí ó tó wá yọjú sí dókítà.

Àwọn àrùn tí mo dárúkọ lókè yìí kò gbọ́ èdè kan náà pẹ̀lú wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ìfúnpá 180 lè wà lára ẹni tó ń jó níbi ìnáwó, tí orí kò fọ́ ọ, tí òòyì kò kọ́ ọ. Ẹni tó bá ní “ara mi yá” kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò sọ. Ó kéré tán, oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn TB. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ á rọlẹ̀, ẹni náà á jẹ́rìí níwájú ìjọ, á sì kó oògùn tì. Àwọn kòkòrò tó ṣẹ́kù lè wá di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́, kí ẹni náà sì kó wọn ran ará ilé. Ọmọ tí ìtọ̀ ṣúgà tirẹ̀ gba abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́, bí òbí bá dá abẹ́rẹ́ dúró, ọjọ́ díẹ̀ ti tó láti pa á. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ SS, àwọn tó ní àrùn sickle cell. Nǹkan bí 150,000 irú wọn ni a ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Bí ara wọn bá gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà jà ní 1918, ọ̀pọ̀ Kristẹni fi àdúrà nìkan dojú kọ ọ́. Èmi ò dá wọn lẹ́bi: àwọn dókítà òyìnbó ìgbà náà kò ní oògùn kankan tó lè pa àrùn ọ̀hún. Lẹ́yìn ìsọjí ọdún 1930 tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ quinine tí àwọn míṣọ́nnárì láti Bìrìtéènì ń lò fún ibà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn tó gbára lé àdúrà nìkan, tí ìjọ Christ Apostolic fi dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1907, Dókítà George Green tí àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà rán wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, ohun tó bẹ̀rẹ̀ ló sì di ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Bowen lónìí. Àwọn tó kọ́ baba ńlá yín ní àdúrà Jésù náà ló gún wọn ní abẹ́rẹ́. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ọfọ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu jù lọ ní Ọ̀yọ́ ṣì máa ń já ewé, ó ṣì máa ń se àgbo. Kò sí èyí tó ní kí aláìsàn gbọ́ ọfọ̀ kó máa lọ.

Àwọn onímọ̀ náà ti yẹ agbára inú dídùn àti ọ̀rọ̀ rere wò. Ní 2007, James Coyne àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí lórí aláìsàn 1,093 tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn jáde. Bí inú aláìsàn ṣe dùn tó kò sọ bí ẹ̀mí rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún aláìsàn tó ń sunkún pé ẹkún rẹ̀ ló ń pa á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé. Ní Kánádà, ní 2009, Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ẹni tí kò ka ara rẹ̀ sí, bí a bá ní kó máa wí pé òun yẹ ní fífẹ́ràn, inú rẹ̀ tún máa ń bàjẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá jìnnà sí ohun tí ọkàn gbà lè padà gún ẹni tó ń sọ ọ́. “Màá lo oògùn mi lónìí, n kò sì dá wà” sàn fún aláìsàn ju “n kò ṣàìsàn” lọ.

Mo mọ̀ pé owó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìkéde ìwòsàn kò ná wa ní kọ́bọ̀, oògùn sì ti gbówó lórí gan-an láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ apoògùn GSK ti kéde ní 2023 pé àwọn ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ni kò sí, ẹ sọ fún dókítà kó wo èyí tó dínwó, kí ẹ má fi ìgbàgbọ́ bò ó. Ọ̀fẹ́ ni oògùn TB àti ti HIV ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ béèrè nípa ètò ìlera adójútòfò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin bàbáláwo, ẹ sọ ọ́ láti ẹnu yín pé oògùn kò ta ko àdúrà. Tiyín ni àwọn aláìsàn máa gbọ́. Ẹni tó bá ti dá oògùn dúró, kó má ṣe lo ìlọ́po oògùn láti fi dí ọjọ́ tó ti fò. Kó padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó sì sọ òtítọ́. Bí ẹnu ẹnìkan bá sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá rẹ̀ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa gbàdúrà náà lọ nínú mọ́tò.