Ta Ló Sọ Ọlọ́jà Di Amebo?

Ọ̀rọ̀ orúkọ kan ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Kí obìnrin méjì dúró nídìí ìsọ̀, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ọkùnrin tó ń kọjá lọ á ti ní, "Àwọn Amebo tún ti bẹ̀rẹ̀." Kí ìyàwó béèrè ibi tí ọkọ ẹ̀ sùn mọ́jú, Amebo ni. Kódà ọmọdébìnrin tó wá jíṣẹ́ fún ìyá ẹ̀ nídìí àtẹ, wọ́n á ní Amebo kékeré ti dé. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń pe orúkọ yìí ni kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Wọn ò tíì bí wọn nígbà náà.

Inú tẹlifíṣọ̀n ló ti wá. Ní 1968 ni eré Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀, nǹkan bí 20 ọdún ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìlú kan tí wọ́n pè ní Ọjà ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé nígbà náà á lọ dúró lójú fèrèsé aládùúgbò. Dejumo Lewis ni Kábíyèsí, Ọlọ́jà ti Ọjà. Fúnṣọ́ Adéolú ni Olóyè Eléyinmi. Ìbídùn Allison ni Amebo, olófòófó ìlú, tí ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ẹ̀ sùn.

Ìbídùn mọ eré ṣe, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ó ṣe é débi pé orúkọ tó jẹ́ nínú eré di ọ̀rọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ, ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ ẹ wo bí ayé ṣe pín in. Fúnṣọ́ Adéolú tó ṣe olóyè nínú eré, nígbà tó yá, ó jọba lóòótọ́: òun ló di Aláyé ti Òde Rẹ́mọ. Orúkọ Amebo ní tiẹ̀ di èébú, orí obìnrin ni wọ́n sì gbé e lé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pe ọkùnrin ní Amebo, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń ṣe bí obìnrin.

Àbí ọkùnrin kì í ṣòfófó ni? Ẹ dé ìdí fọganáísà, ẹ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka pépà lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí oníwèé ìròyìn. Ta ló gba ìyàwó oníyàwó, ta ló jẹ owó ẹgbẹ́, ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́. Ṣùgbọ́n òṣèlú ni wọ́n máa ń pe tiwọn. Tí obìnrin bá sọ ọ́ nídìí ata, ó di òfófó.

Ẹni tó mọ ìdí ọjà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbígbọ́ wà lára owó òkòwò. Aláta tí kò gbọ́ pé ọkọ̀ tòmátì láti Òkè Ọya ti taku sójú ọ̀nà á ta ọjà àná ní owó àná, lọ́la owó ẹ̀ ò ní ká tuntun mọ́. Ẹni tí kò gbọ́ pé oníbàárà kan ti jẹ gbèsè ní ìsọ̀ mẹ́ta á tún gbé aṣọ àwìn fún un. Tí alájọ bá ń kó ẹrù ẹ̀ lóru, ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn yín? Ẹni tí wọ́n ń pè ní Amebo yẹn náà ni!

Èyí ò sọ òfófó di ohun rere o. Òfófó ti tú ilé, ó ti ba ọ̀rẹ́ ogún ọdún jẹ́. Àwọn àgbà ní òfófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kìlọ̀ fún aládùúgbò yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yàrá lọ sí gbangba. Eré tó bá dáa á fi ìyàtọ̀ yẹn hàn.

Kì í sì í ṣe ọlọ́jà nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ wo oníṣẹ́ ọwọ́ nínú eré: télọ̀ á máa parọ́, mẹkáníìkì á máa yọ ẹ̀yà ọkọ̀ tà. Ti télọ̀ yẹn, ká sòótọ́, tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kọ́dún dé, irọ́ máa ń wà ńbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo rán ọmọ mẹ́rin lọ sílé ìwé, eré ta ni òun wà?

Ó ṣe é ṣe. Nígbà tí NTA gbé Cock Crow at Dawn jáde láwọn ọdún 1980, tí báǹkì UBA ń náwó sí i, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí iṣẹ́ àgbẹ̀ wu èèyàn, wọ́n sì bu iyì fún àgbẹ̀. Ní 1991, Amaka Igwe, obìnrin bíi tiyín, gbé Checkmate dé. Ó fi Ann Haatrope sí i, tí Ego Boyo ṣe, obìnrin tó ń darí iléeṣẹ́ ńlá. Kò sẹ́ni tó wo ìyẹn tí á ní obìnrin ò mọ̀ ju ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ olówó ni Ann, ọ́fíìsì ló wà. Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin lọ pàdé ọkọ̀ ẹrù, tó ń dá àjọ, tó ń sanwó iléèwé, iyì yẹn tọ́ sí òun náà.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí Ìbídùn Allison. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe, ó sì yege. Pé Amebo wà nínú eré kọ́ ló burú. Ohun tó burú ni kí ayé wo gbogbo obìnrin, kó jẹ́ Amebo nìkan ló máa rántí.

Ẹ̀yin tó ń kọ eré, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má fi olófòófó sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fún un níṣẹ́, ẹ fún un lọ́mọ, ẹ fún un ní gbèsè tó ń san, kí òǹwòran mọ ìdí tó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n bá tún pe ọmọbìnrin yín ní Amebo, ẹ bi ẹni tó pè é pé kí lorúkọ olófòófó ọkùnrin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sójú ìwé lẹ́tà.