Owó Ìlú, Iṣẹ́ Ìlú: Ta Ni Ó Ni Èrè Rẹ̀?

Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à fi ọwọ́ bò ó jẹ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé iṣu ẹni ni ó wí. Bí ó bá ṣe pé ará ìlú ni ó fi owó ra ebù, tí ó sì tún bá olóko kọ ebè, ǹjẹ́ ó tọ́ kí olóko nìkan fi ọwọ́ bo iṣu náà nígbà tí ó bá ta? Ìbéèrè yìí ni aáwọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà gbé ka iwájú gbogbo ayé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lásán ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Kí àrùn náà tó dé ni àwọn onímọ̀ NIH, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń bá ilé-iṣẹ́ Moderna ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí irú abẹ́rẹ́ tí a ń pè ní mRNA. Nígbà tí àjàkálẹ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ ní 2020, àwọn méjèèjì ni wọ́n jùmọ̀ ṣe abẹ́rẹ́ tí Moderna ń tà. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìjọba ṣèlérí owó tí ó tó mílíọ̀nù 483 dọ́là fún Moderna; ní oṣù Keje, ó fi mílíọ̀nù 472 lé e. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí abẹ́rẹ́ náà kò tíì gba àṣẹ, ìjọba kan náà ti ṣe àdéhùn láti ra mílíọ̀nù 100 rẹ̀ ní iye tí ó tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là.

Ní 2021, Moderna kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ń fún àwọn tí ó pilẹ̀ ohun titun ní ìwé-ẹ̀tọ́, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun nìkan ni ó pilẹ̀ mRNA inú abẹ́rẹ́ náà. NIH ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé mẹ́ta nínú àwọn onímọ̀ òun, Kizzmekia Corbett, Barney Graham àti John Mascola, wà lára àwọn tí ó pilẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe iyì lásán ni wọ́n ń jà sí. Gẹ́gẹ́ bí òfin Amẹ́ríkà, ẹni méjì tí ó bá jọ ni ìwé-ẹ̀tọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn lè fún ẹlòmíràn láyè láti ṣe ohun náà láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìkejì. Bí ìjọba bá jọ ni í, ó lè fún ilẹ̀ mìíràn láyè. Bí kò bá jọ ni í, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2021, Moderna dá ìbéèrè náà dúró. Ní oṣù Kejì 2023, ó kéde pé òun san mílíọ̀nù 400 dọ́là fún NIH nítorí ọgbọ́n mìíràn tí àwọn onímọ̀ ìjọba àti ti yunifásítì hù, tí òun lò nínú abẹ́rẹ́ náà. Ṣùgbọ́n iye tí Moderna rí lórí títà abẹ́rẹ́ náà jẹ́ bílíọ̀nù 17.7 dọ́là ní 2021, àti bílíọ̀nù 18.4 ní 2022. Kí òǹkàwé fi èyí wé èkíní.

Àwa kò wí pé kí oníṣòwò má jèrè. Láti 2010 tí a ti dá Moderna sílẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni ó fi ná owó àwọn tí ó gbà á gbọ́, kí ó tó rí oògùn kan ṣoṣo tà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìjọba nílò ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ sì nílò ìjọba. Ohun tí àwa lòdì sí ni kí ará ìlú san owó ìwádìí, kí ó tún wá san owó gegere nígbà tí ó bá fẹ́ ra ohun tí owó rẹ̀ bí. Òfin Amẹ́ríkà ti 1980 gbà pé kí ẹni tí ó fi owó ìjọba ṣe ìwádìí ni ohun tí ó bá rí, ṣùgbọ́n ó fún ìjọba lágbára láti fún ẹlòmíràn láyè bí àìní aráàlú bá béèrè rẹ̀. Fún ogójì ọdún ó lé, títí di 2023, ìjọba kò lo agbára yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àdá tí kò jáde nínú àkọ̀ rí, kò sí igbó tí yóò bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní oṣù Kẹjọ 2021, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin abẹ́rẹ́ Moderna dé sí Àbújá, ẹ̀bùn láti Amẹ́ríkà. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń dúró de ẹ̀bùn kò lè yan ọjọ́ tí ẹ̀bùn yóò dé. Moderna ti ṣèlérí ní 2020 pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nígbà tí àjàkálẹ̀ bá ń lọ, síbẹ̀ àìpeni-lẹ́jọ́ kì í ṣe ìkọ́ni-níṣẹ́. Láì rí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Afrigen ní Cape Town fi ṣe irú abẹ́rẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́fà tí a ó kọ́ ní iṣẹ́ náà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sóde. Òfin tiwa ti 1970 wí pé ohun tí a bá pilẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà fúnni. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Kí owó TETFund tàbí ti ìjọba èyíkéyìí tó dé ọwọ́ yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò ni ohun tí a bá rí? Èló ni aráàlú yóò rà á? Kí ni a ó ṣe bí ẹni tí ó ni í bá kọ̀ láti ṣe é tó fún ìlú? Ọjọ́ tí a bá ń gbin ebù ni kí a ti sọ bí a ó ṣe pín iṣu. Bí a bá dákẹ́ di ọjọ́ tí iṣu ta, ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ó bá lórí rẹ̀.